Bí Búlọ́ọ̀kù Ṣágámù Ṣe Wọ Àárín Ilé Àwọn Ará Poland

Ẹ̀yin ará Ṣágámù, mo ti dé o. Ẹ yé dá mi dúró lójú títì mọ́ pé "Ìyá Oníbúlọ́ọ̀kù, Canada ńkọ́?" Ẹnu ti ń ro mí. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́, kó jókòó kó kà á. Ẹni tó bá sì rò pé ọ̀rọ̀ dọ́là ni mo fẹ́ sọ, kó yáa dìde, torí ọ̀rọ̀ ilé ni tèmi: oríṣiríṣi ilé tí àwọn ará Poland ti ń kọ́ láti ayébáyé. N kò dé Poland rí o. Inú gáréèjì ilé kan ní Calgary, ní Canada, ni mo ti rí gbogbo rẹ̀, mo sì tún dá tèmi kún un.

*Àna mi gba iṣẹ́ mi*

Bùkọ́lá ọmọ mi ló bímọ. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí: ọmọ á bímọ sókè òkun, ìyá á di ẹrù. Mo di gààrí, mo di ẹ̀gúsí, mo di ẹja gbígbẹ tí òórùn rẹ̀ ń ṣáájú mi wọ ibi gbogbo, mo fi ilé iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù mi sílẹ̀ fún máníjà, mo wọ bàálù, ó di ọ̀run àwọn ẹyẹ.

Káyọ̀dé àna mi ló wá pàdé mi ní pápákọ̀ òfuurufú, ó fi nǹkan kan bí àpò gbé ọmọ tuntun kọ́ àyà. Bó ṣe rí mi, ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ó rántí pé ọmọ wà láyà òun, ló bá dúró lágbedeméjì bí ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn. Mo ní, "Káyọ̀dé, dìde, mo ti gbà á. Má fi ọmọ mi nu ilẹ̀ fún wọn." Àwọn òyìnbó ń wò wá, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Àfi bí ilẹ̀kùn ṣe ṣí, tí otútù sì gbá mi létí! Otútù tí kò mọ àgbà. Oṣù kẹta la wà, snow ṣì bo gbogbo ilẹ̀ báláú.

Àdúgbò Whitehorn ní Calgary ni wọ́n ń gbé. Mo dé ilé, mo ká aṣọ mi lápá, mo ní kí wọ́n gbé omi gbígbóná àti òrí wá kí n wẹ ọmọ. Káyọ̀dé ní, "Mummy, ẹ sinmi. Mo ti wẹ̀ ẹ́ láàárọ̀." Mo ní kí n lọ se ọbẹ̀. Ó ní ọbẹ̀ ti wà lórí iná. Mo ní ṣé kí n tiẹ̀ fọ aṣọ ọmọ. Ó ní ẹ̀rọ ń fọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Mo wá yíjú sí Tómi, ọmọ-ọmọ mi àgbà, mo ní kó wá jókòó tì mí kí n pàlọ́ fún un. Ó ní, "Grandma, can I do it after my show?" Mo ní kí ni show?

Bùkọ́lá fà mí sẹ́yìn ilẹ̀kùn. "Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó máa ṣe é. Òun ló ń mú un dúró."

Àṣé wọ́n ti ní kí Káyọ̀dé máa lọ sílé níbi iṣẹ́. Enjiníà epo rọ̀bì ni, epo rọ̀bì ló sì ń bọ́ gbogbo ìlú náà. Owó epo já wálẹ̀ lọ́jà àgbáyé, ilé gogoro tí wọ́n fi ń ṣe ọ́físì láàárín ìlú sì di òfìfo. Ní àdúgbò wọn, mọ́tò ńláńlá ló wà níwájú ilé tí wọ́n kọ "For Sale" sí lára. Ẹni tó fi táksí gbé wa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, enjiníà lòun náà. Àánú àna mi ṣe mí gan-an. Ṣùgbọ́n èmi ńkọ́? Epo rọ̀bì wọ́n já, èmi tí n kò mu epo rọ̀bì rí, mo di aláìníṣẹ́.

*Ẹni tí mo tẹ̀ lẹ́sẹ̀ ló bẹ̀ mí*

Kí ara mi má bàa ro mí, mo ń jáde. Ní ibùdó train, gbogbo ẹni tó dúró ni mo ń kí: "Good morning o! Well done o!" Bùkọ́lá fà mí láṣọ. "Mummy, wọn kì í kí ara wọn báyẹn níbí."

"Kí ni wọ́n wá ń ṣe tí wọ́n bá pàdé?"

"Wọ́n máa ń wo phone wọn."

Ṣùgbọ́n n kò ní purọ́ mọ́ wọn, wọ́n ní sùúrù. Mo tẹ ọkùnrin kan lẹ́sẹ̀ nínú train, ó ní, "Sorry." Mo ní rárá, èmi ni mo tẹ̀ yín. Ó tún ní, "Sorry." Èmi náà ní, "Sorry, sir, pẹ̀lẹ́." Ó ní, "No, no, sorry." Ká ní kì í ṣe pé ó bọ́ sílẹ̀ ni, à bá ṣì wà níbẹ̀ lónìí. Ní gáréèjì ọkọ̀ wa níbí, ẹ mọ ohun tí ẹni tí mo bá tẹ̀ lẹ́sẹ̀ á pe ìyá mi.

*Bọ̀dá Sígì*

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ni mo gbọ́ òòlù. Ẹni tó bá ti lo ayé rẹ̀ nídìí ilé kíkọ́, òòlù kì í dún kó má na etí. Láti gáréèjì ilé kejì ló ti ń dún. Mo da jákẹ́ẹ̀tì Káyọ̀dé bora, mo ki ẹsẹ̀ bọ bàtà rẹ̀, mo gba ẹ̀gbẹ́ ọgbà lọ.

Bàbá òyìnbó kan ni mo bá níbẹ̀, orí funfun, á tó ẹ̀gbọ́n mi àgbà. Mo kúnlẹ̀ díẹ̀, mo ní, "Good afternoon, sir. Well done, sir." Bàbá gbé òòlù sílẹ̀, ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, ó rìn sọ́dọ̀ mi, ó gbá ọwọ́ mi mú, ó tẹrí ba, ó sì fẹnu kò ó!

Yéè! Láti ìgbà tí bàbá Bùkọ́lá ti kú, ọkùnrin kankan kò fẹnu kàn mí. Mo já ọwọ́ mi gbà bí ẹni tí iná jó. Ẹ̀rù ba òun náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀, ó ní ẹ má bínú, ará Poland lòun, bí wọ́n ṣe tọ́ àwọn ọkùnrin ìgbà tòun láti máa kí obìnrin tó níyì nìyẹn. Mo ní áà, bí àwọn tiwa ṣe ń dọ̀bálẹ̀ nìyẹn náà. Mo bá na ọwọ́ kejì sí i.

Zygmunt lorúkọ rẹ̀. Orúkọ yẹn kò gba ẹnu mi, ni mo bá sọ ọ́ di Bọ̀dá Sígì, inú rẹ̀ sì dùn sí i. Pani ni òun ń pè mí. Ó ní lédè wọn, èèyàn kì í kàn pe àgbà tàbí àlejò ní "ìwọ". Pan ni wọ́n ń pe ọkùnrin, Pani ni wọ́n ń pe obìnrin. Mo ní àwa náà ní "ẹ". Àwa méjèèjì gbà pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni kò kọ́ ọmọ rẹ̀ dáadáa. Gẹ̀ẹ́sì náà la sì ń sọ o! Tirẹ̀ ń kọsẹ̀, tèmi ń tiro, ṣùgbọ́n a jọ ń dé ibi tí à ń lọ.

Ilé kéékèèké ló wà lórí pákó gígùn kan nínú gáréèjì náà, ó ń kọ́ wọn fúnra rẹ̀, ó tò wọ́n láti orí èyí tó pẹ́ jù lọ wá. Àkọ́kọ́ jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì olókùúta, roboto bí àká, ògiri rẹ̀ nípọn, fèrèsé rẹ̀ kò ju ojú ihò lọ. Ó ní ayé ogun ni ayé ìgbà náà, ibi tí èèyàn ti ń gbàdúrà ló tún ń sá pamọ́ sí. Èyí tó tẹ̀lé e jẹ́ bíríkì pupa, ó ga fíofío, orí fèrèsé rẹ̀ ṣe ṣóńṣó. Gótíìkì ni wọ́n ń pe irú rẹ̀. Ó ní níhà àríwá ilẹ̀ wọn, òkúta kò pọ̀, amọ̀ ló pọ̀, ni wọ́n bá ń sun amọ̀. Mo ní ohun tó bá wà lẹ́bàá ẹni lèèyàn fi ń kọ́lé, kò sọ́gbọ́n méjì.

Nígbà tó kan ẹ̀kẹta, ó ní èyí lòun fẹ́ràn, pé àwọn ọ̀mọ̀lé láti Italy ló kó àṣà rẹ̀ wá, kí n wo attyka rẹ̀. Mo tẹjú mọ́ ọn, n kò rí nǹkan kan. Mo rò pé attic ló ń wí, ìyẹn àjà, tí wọ́n ń kó ẹrù sí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbìyànjú láti ṣí òrùlé. Ó pariwo, "Nie, nie, Pani!" Ó fi ìka tọ́ka sí ògiri kan tó yọ sókè kọjá òrùlé, tí wọ́n fín lọ́nà, tó sì bo òrùlé mọ́lẹ̀ pátápátá.

Mo ní, "Parapet!" Mo pàtẹ́wọ́. "Bọ̀dá, parapet lẹ ń wí! Gbogbo ilé tuntun ní Lekki ló ní in!" Mo ṣàlàyé fún un pé bí òjò bá dé, omi á dúró sẹ́yìn rẹ̀, á máa jò sínú pálọ̀. Ó ní kì í ṣe òní ló bẹ̀rẹ̀, tàwọn náà ń jò láti ayé bàbá ńlá àwọn. Ẹ̀rín pa wá débi pé ó jókòó sórí àpótí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Bàróòkù, ṣọ́ọ̀ṣì tí òpó rẹ̀ ń lọ́, tí áńgẹ́lì ń fò ní gbogbo igun, wúrà lórí wúrà. Mo ní ẹni tó kọ́ èyí, kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ó ti tó. Lẹ́yìn náà ni ilé olóko ńlá kan, òpó funfun níwájú rẹ̀, àfi bí ilé àwọn olóyè wa ní Ìjẹ̀bú. Ó wá kan ilé onígi kan tí wọ́n ń kọ́ lórí òkè, òrùlé rẹ̀ dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ kí snow lè máa yọ̀ dànù, ó sì ti fín òdòdó yí ilẹ̀kùn rẹ̀ ká. Ẹ wo ọnà! Mo ní, "Bọ̀dá, èyí gba àkókò yín o." Ó kàn ń fi àtàńpàkò pa ilẹ̀kùn náà.

*Ohun tó ń wá nínú ilé*

Nígbà tó yá ló sọ fún mi. Halina ìyàwó rẹ̀ wà nílé ìtọ́jú àwọn àgbà, kò jìnnà sí àdúgbò kan tó ń jẹ́ Pineridge. Àárẹ̀ tó ń nu iyè èèyàn nù ló mú un. Tíṣà ni tẹ́lẹ̀ ní Poland, òun ló máa ń kó àwọn ọmọ ilé-ìwé rìn kiri láti wo ilé àtijọ́, kò sí ilé tí kò mọ ìtàn rẹ̀. Ní báyìí, kò mọ ọmọ rẹ̀ mọ́. Kò mọ ọkọ rẹ̀ mọ́. Bọ̀dá Sígì ń lọ wò ó lójoojúmọ́, obìnrin náà á sì máa kí i bí ẹni tó ń kí dókítà.

Ó ní, "Pani, mo rò ó pé bí mo bá to ilé náà síwájú rẹ̀, á dé ọ̀kan tó máa dúró lé lórí. Bóyá á sì pè mí lórúkọ. Ẹ̀ẹ̀kan péré." Ilé onígi tó fín òdòdó sí yẹn, irú ilé tí wọ́n bí Halina sí ni. Òun ló gbọ́kàn lé. Ọjọ́ ìbí ìyàwó rẹ̀ sì ń bọ̀, ọjọ́ yẹn ló fẹ́ kó wọn lọ.

Omi bọ́ lójú mi, n kò fi pamọ́. Mo nu imú, mo ní, "Bọ̀dá, kí lẹ fẹ́ kí n ṣe?" Bí mo ṣe ríṣẹ́ nìyẹn.

Èmi ni mò ń po sìmẹ́ńtì funfun, èmi ni mò ń rẹ́ ògiri, torí ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n. Mo ń gbé àkàrà lọ fún un, ó ń fún mi ní pierogi, nǹkan kan bí meat pie tí wọ́n sè nínú omi dípò kí wọ́n yan án. Ìgbà àkọ́kọ́, mo rò pé wọ́n gbàgbé ata ni. Mo mú ata gígún wá látilé, mo bù ú lé e. Bọ̀dá náà tọ́ ọ wò, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ń ṣomi lójú, ó ní kí n tún bù sí i. Káyọ̀dé máa ń gbé ọmọ wá bá wa. Ọjọ́ kan ni Bọ̀dá sọ fún un pé ilé iṣẹ́ epo lòun náà ti yàwòrán títí tóun fi fẹ̀yìn tì, pé epo ti já bẹ́ẹ̀ rí lójú òun, ó sì tún gòkè. Ọjọ́ náà ni Káyọ̀dé kọ́kọ́ súfèé láti ìgbà tí mo ti dé.

Bọ̀dá tún sọ fún mi nípa Warsaw, olú-ìlú wọn. Nígbà ogun, ọ̀tá wó o palẹ̀. Lẹ́yìn ogun, àwọn ará ìlú kó àwòrán tí àwọn ayàwòrán ayé àtijọ́ ti yà jáde, wọ́n ń wo àwòrán, wọ́n ń kọ́lé, títí àárín ìlú àtijọ́ náà fi padà sí bó ṣe wà. Mo ní ààfin ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un, ó ní kí n tún un wí.

*Ìjà búlọ́ọ̀kù*

Mo wá bi í pé yàtọ̀ sí ìyẹn, irú ilé wo ni wọ́n ń kọ́ lẹ́yìn ogun yẹn. Ojú rẹ̀ yí padà. "Blok," ló wí. "Blok, blok, blok. Kò lẹ́wà, kò níyì. N kò ní fi blok síwájú Halina!"

Inú bí mi. Kí ló dé tí kò ní bí mi? Búlọ́ọ̀kù! Èyí tí mo fi tọ́ àwọn ọmọ mi yanjú, tí mo fi kọ́ ilé tí mò ń gbé, tí gbogbo Ṣágámù fi kọ́ ilé! Ẹnìkan á wá dúró lójú mi, á ní kò níyì? Mo ní, "Good afternoon, Bọ̀dá," mo bá tèmi lọ.

Mo ní kí Káyọ̀dé ra sìmẹ́ńtì díẹ̀ fún mi. Mo yọ páànù tí Bùkọ́lá fi ń ṣe yìnyín nínú fíríìjì, mo ń fi mọ búlọ́ọ̀kù wẹ́wẹ́ nínú basement. Bùkọ́lá sọ̀kalẹ̀ wá, ó ké, "Mummy! My ice tray!" Mo ní kó lọ bu snow níta, ó kún ilẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbẹ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tò wọ́n. N kò mọ irú èyí tí àwọn ará Poland kọ́ lẹ́yìn ogun, irú ilé tí mo mọ̀ ni mo kọ́: fúláàtì ìjọba tí èmi àti bàbá Bùkọ́lá kọ́kọ́ gbé ní Èkó, ilé alájà púpọ̀, fèrèsé kan náà, balíkóní kan náà. Mo ta okùn sí balíkóní kan, mo gé ègé àǹkárá, mo sá wọn sí i, torí ilé tí wọn kò bá sá aṣọ sí, mo máa ń rò pé kò sẹ́ni níbẹ̀.

Mo gbé e lọ bá Bọ̀dá. Ojú rẹ̀ pọ́n kankan. "Mo ní n kò fẹ́ blok!"

"Ẹ̀yin lẹ bú búlọ́ọ̀kù! Ẹ wò ó, ṣé kò dára?" Mo yọ ọ̀kan tó ṣẹ́kù lápò mi. "Búlọ́ọ̀kù rèé!"

Ó wo èyí tó wà lọ́wọ́ mi. Ó wo ilé náà. Ó ní lédè wọn, ohun tó ń jẹ́ blok ni ilé gogoro alájà púpọ̀ tí ìjọba ń kọ́ fún òṣìṣẹ́, irú èyí tí òun àti Halina gbé kí wọ́n tó wá sí Canada, ilé tó rí gan-an bí èyí tí mo gbé wá. Èmi tí mo ń gbèjà búlọ́ọ̀kù, mo ti lọ kọ́ blok fún un! Ó rẹ́rìn-ín tipátipá, ó ní, "Pani, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n rárá. Halina yẹ lẹ́ni tó ń rí ohun tó lẹ́wà." Kò fi àyè sílẹ̀ fún un lórí pákó.

*Ọjọ́ ìbí*

Káyọ̀dé ló wa ọkọ̀. Mo gbé blok mi sínú báàgì Ghana-must-go, mo gbé e lé ẹsẹ̀. Bọ̀dá rí i, ó kàn mi orí. Ó wọ kóòtù, ó so táì.

Ní yàrá ìjókòó ilé ìtọ́jú náà, ó to gbogbo ilé náà sórí tábìlì gígùn. Nígbà tó kọ ẹ̀yìn sí mi, mo gbé tèmi sí ìparí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kéèkì. Alágídí ni mí, ẹ mọ̀ mí.

Wọ́n mú Halina jáde, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́, irun rẹ̀ di kókó dáadáa. Bọ̀dá tẹrí ba, ó fẹnu kò ó lọ́wọ́. Obìnrin náà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àlejò. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì. Ó wo ṣọ́ọ̀ṣì olókùúta, ó kọjá. Ó wo Gótíìkì, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó kọjá. Parapet, wúrà, òpó funfun, ó kọjá gbogbo wọn. Wọ́n dé ilé onígi. Bọ̀dá dúró, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó fi ìka obìnrin náà kan òdòdó ara ilẹ̀kùn. Obìnrin náà sọ nǹkan ṣókí, mo mọ̀ nínú ohùn rẹ̀ pé ó ń sọ pé ó dára. Ó sì kọjá.

Èjìká Bọ̀dá Sígì sọ̀ kalẹ̀. Mo tẹ ẹsẹ̀ kan síwájú kí n lọ dì í mú.

Halina dé ìdí kéèkì. Ó wo blok. Ó tẹ̀ síwájú, ó tún tẹ̀ síwájú, ó fi ìka ka àjà ilé náà láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ó dúró ní ọ̀kan. Ó fọwọ́ kan àǹkárá tí mo sá. Ó wá gbójú sókè, ó wo ojú fèrèsé yàrá náà, níbi tí ojú ọjọ́ ti ṣú, ó sì yíjú sí ọkọ rẹ̀ kíákíá, ohùn rẹ̀ le, ohùn ìyàwó ilé gidi. Mo gbọ́ "Zygmunt" níbẹ̀.

Mo ní, "Bọ̀dá, kí ló wí? Kí ló wí?"

Ó ní, "Ó ní, Zygmunt, kí lò ń wò? Òjò ń bọ̀. Lọ kó aṣọ wọlé."

Bọ̀dá Sígì bá na ọwọ́ rẹ̀ sí balíkóní náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó aṣọ.